Bí a ṣe ń fọ plọ́ọ̀gì ìdí ìbọn akìlẹ́nu tí kò fi ní há

Nínú ìbọn akìlẹ́nu ìgbàlódé, irú èyí tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń gbé wọgbó lọ pa àgbọ̀nrín, irin kékeré kan tí a gé tírẹ́ẹ̀dì sí lára ló dí ìdí ọ̀pá ìbọn. Breech plug ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Plọ́ọ̀gì la ó máa pè é níbí. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, plọ́ọ̀gì yìí ló ń gba agbára rẹ̀ sára kí ó má baà padà sí ojú ẹni tó yìnbọn. Òun náà ló gbé primer 209, ohun kékeré tó ń tanná ran ẹ̀tù, dání lẹ́yìn, inú rẹ̀ sì ni iná primer ń gbà kọjá kí ó tó kan ẹ̀tù. Ihò tí iná yẹn ń gbà jáde kéré gan-an: nínú ọ̀pọ̀ plọ́ọ̀gì tuntun, 0.028 sí 0.032 íńṣì ni fífẹ̀ rẹ̀, kò tó mìlímítà kan. Bí ìdọ̀tí bá dí i, ìbọn á kọ̀. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá sì dógùn-ún, plọ́ọ̀gì á há sínú ọ̀pá ìbọn, ìbọn tó yẹ kí a tètè fọ̀ tán yóò wá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Láti ìgbà tí Tony Knight, ará Missouri, ti gbé ìbọn MK-85 jáde ní 1985 ni ìbọn akìlẹ́nu tí a lè tú ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nìkan ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Ìbọn Hawken, ìbọn olókùúta tí wọ́n ṣì fi ń ṣọdẹ ní Pennsylvania, àti ṣakabùlà ọwọ́ àwọn ọdẹ wa nílé, ẹ má tú ìdí wọn. Wọ́n ti fún un pa látìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò sì ní bá ara wọn mu bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ bí ẹ bá fi agbára yí i. Ẹnu la ti ń fọ irú àwọn wọ̀nyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀tù tí ẹ yìn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra kẹ́míkà olówó iyebíye, wọ́n á sì fi fọ ohun tí omi lásán ìbá fọ̀. Tàbí kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ ohun tí omi kò lè tú láéláé.

Ẹ̀tù dúdú gidi, tí a fi iyọ̀ ẹ̀tù, èédú àti imí ọjọ́ pò, kì í jó tán. Ó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ tó ń ṣẹ́kù sínú ìbọn lẹ́yìn tó bá jó, iyọ̀ oríṣiríṣi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iyọ̀ wọ̀nyí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ìbọn tí a gbé sílẹ̀ láìfọ̀ fi ń pupa lára láàárín òru kan, àgàgà lásìkò òjò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọwo ló ń tú u.

Pyrodex, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀tù tí wọ́n ń lò dípò ẹ̀tù dúdú bíi Triple Seven àti Blackhorn 209, náà rí bẹ́ẹ̀, ó tún burú jù ú lọ fún irin ní ọ̀nà kan: potassium perchlorate wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì jó, potassium chloride ló ń fi sílẹ̀, ìbátan iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí irin. Omi àti ọṣẹ ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Triple Seven kò ní imí ọjọ́ nínú, omi lásán sì ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Wàhálà tirẹ̀ ni òrùka ìdọ̀tí líle kan tó máa ń dì sínú ihò ìbọn níwájú plọ́ọ̀gì díẹ̀, tí ọta kejì kò fi ní fẹ́ jókòó dáadáa. Bí ẹ bá ń fọ plọ́ọ̀gì tán tí ẹ kò fọwọ́ kan òrùka yẹn, iṣẹ́ kò tíì parí.

Blackhorn 209 yàtọ̀ pátápátá. Nitrocellulose ló wà nínú rẹ̀, kì í dọ̀tí ihò ìbọn púpọ̀, kò sì ń fa omi mọ́ra bíi ti àwọn yòókù. Èyí ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ, tí wọ́n fi ń rò pé kò nílò ìfọ̀. Inú ọ̀nà iná plọ́ọ̀gì ló ń kó ìdọ̀tí tirẹ̀ pa mọ́ sí: èédú líle tó lẹ̀ mọ́ irin bí ohun tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Omi àti ọṣẹ kò ràn án. Kẹ́míkà ìfọbọn bíi Hoppe's No. 9 ni kí ẹ lò fún un, kí ẹ sì fi irin họ ọ́, bí a ó ṣe ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Sípánà plọ́ọ̀gì tó bá ìbọn yín wá (ẹ má fi òmíràn dípò). Ife méjì tí ẹ kò ní fi mu omi mọ́. Ọṣẹ ìfọwo. Kẹ́míkà ìfọbọn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́. Owú onírin tí wọ́n fi ń nu inú páìpù tábà, bíi mẹ́wàá. Ẹnu dírìlì 1/8 íńṣì, ẹ̀rọ dírìlì kọ́ o, ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹnu dírìlì tín-ín-rín mẹ́ta, nọ́ḿbà 70, 65 àti 60. Àkísà òwú kéékèèké. Òróró ìbọn. Gíríìsì anti-seize (èyí tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ irin), yálà èyí tó ní bàbà nínú tàbí èyí tó ní nickel. Tọ́ọ̀ṣì kékeré. Bí ojú kò bá dá ṣáká mọ́, ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, nítorí ihò tí a fẹ́ yẹ̀ wò kò tóbi.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà

Ẹ yọ primer. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ ti irin ìkìbọn wọlé títí yóò fi kanlẹ̀. Ìbọn tó ṣófo, irin ìkìbọn á wọlé dé orí plọ́ọ̀gì. Bí ẹ̀tù àti ọta bá wà nínú rẹ̀, nǹkan bí íńṣì méjì irin náà ló máa ṣẹ́kù síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìbọn bá mọ́ tó sì dá yín lójú pé ó ṣófo, ẹ fi ọ̀bẹ há àmì sára ìkìbọn níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Àmì yẹn ni ẹlẹ́rìí yín títí láé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé òun rántí pé òun ti yìn ín; ìkìbọn ni kí ẹ bi.

Bí ó bá ní ẹ̀tù nínú, primer kò sì sí nídìí rẹ̀, ẹ tú plọ́ọ̀gì, kí ẹ da ẹ̀tù jáde, kí ẹ sì fi ìkìbọn ti ọta jáde. Ẹ má jẹ́ kí sìgá tàbí iná àtùpà wà nítòsí.

Títú àti rírẹ̀

1. Ibi tí ẹ ti yìnbọn gan-an ni ìtúsílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó di ẹrù, tí ìbọn sì ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, tí ẹ ti rí i pé ó ṣófo, ẹ yí plọ́ọ̀gì sẹ́yìn ní ìdajì ìyípo, kí ẹ tún yí i padà. Ìdọ̀tí tó ṣì rọ̀ ń jẹ́ kí ó yí. Bí ó bá tutù tó sì gbẹ, ó ti di sìmẹ́ńtì. Èyí ṣe pàtàkì jù fún plọ́ọ̀gì tó ń gba sípánà. Àwọn tí a lè fi ọwọ́ tú, bíi ti ilé iṣẹ́ CVA tó ń jẹ́ Quick Release, kì í sábà há bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà há rí.

2. Nílé, ẹ tú u jáde pátápátá. Kí sípánà jókòó dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó yí i. Bí ó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, igun plọ́ọ̀gì á jẹ, kò sì ní sí ohun tí sípánà máa dì mú mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

3. Bí O-ring, òrùka róbà kékeré, bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kẹ́míkà ìfọbọn míì máa ń jẹ́ kí róbà wú.

4. Ẹ rẹ plọ́ọ̀gì. Fún ẹ̀tù dúdú, Pyrodex àti Triple Seven: omi gbígbóná àti ẹ̀kán ọṣẹ mélòó kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Fún Blackhorn: kẹ́míkà ìfọbọn tó bò ó mọ́lẹ̀, wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ má fi bleach sí omi láti fi yára. Chlorine inú rẹ̀ ń jẹ irin, pàápàá irin stainless tí gbogbo ayé ń rò pé kò lè dípẹtà.

Bí plọ́ọ̀gì ṣe ń rẹ lọ́wọ́, ẹ fọ ihò ìbọn. Láti ìdí sí ẹnu ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe ìdí tó ṣeé tú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ tírẹ́ẹ̀dì inú ọ̀pá ìbọn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fọ tírẹ́ẹ̀dì plọ́ọ̀gì mọ́ fínnífínní, wọ́n á sì gbàgbé pé tírẹ́ẹ̀dì kejì wà nínú ìbọn tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Irin tó mọ́ tó wọ inú irin tó dọ̀tí, híhá náà ni yóò há.

Ọ̀nà iná: ibi tí iṣẹ́ wà

Ẹ mú plọ́ọ̀gì jáde, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ara rẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ nu ojú rẹ̀ tó ń kọ sí ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ibi tí primer ń jókòó sí. Ìdọ̀tí tó bá dì sí ìsàlẹ̀ ilé primer kì í jẹ́ kí primer wọlé tán. Ìbọn á le láti pa dé, tàbí kí irin tó ń lu primer kọ́kọ́ lo agbára rẹ̀ láti tì í wọlé, tí kò fi ní ku agbára tí yóò fi tanná. Àwọn ènìyàn á ní primer kò dára, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí ni.

Nínú ọ̀pọ̀ plọ́ọ̀gì, ọ̀nà iná fẹ̀ láti ilé primer, ó wá di tín-ín-rín nígbà tó bá fẹ́ yọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀tù. Ibi tó fẹ̀ yẹn ni èédú ń kó sí. Ẹ fi ìka méjì di ẹnu dírìlì 1/8 íńṣì mú, kí ẹ tì í wọlé láti ilé primer, kí ẹ máa yí i lọ sí ọ̀tún jẹ́jẹ́. Ẹ óò gbọ́ bí ó ṣe ń họ. Lulú dúdú á máa bá ìlà ara rẹ̀ jáde. Ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ tún tì í padà, títí kò fi ní mú dúdú jáde mọ́. Bí ó bá kan ìsàlẹ̀, ẹ dẹ ọwọ́. Èédú la fẹ́ gé, kì í ṣe irin. Bí 1/8 kò bá wọ plọ́ọ̀gì tiyín fàlàlà, ẹ wá èyí tó kéré sí i. Ẹ má fi tipátipá tì í. Ẹ má sì so ó mọ́ ẹ̀rọ láéláé, nítorí ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tí èédú tán tí irin bẹ̀rẹ̀.

Ó kan ihò tín-ín-rín fúnra rẹ̀. Ẹnu dírìlì nọ́ḿbà 70 tó 0.028 íńṣì. Ẹ fi ọwọ́ tì í kọjá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ń tètè kán, bí ó bá sì kán sínú ihò, ó tán fún plọ́ọ̀gì yẹn. Ẹ má fi ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ líle gún un: ẹ̀ẹ̀kan tí ihò bá ti fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ohun tí yóò dá a padà.

Ẹ wá fi owú onírin tó rẹ kẹ́míkà nu ọ̀nà náà, kí ẹ fi òmíràn tó gbẹ tẹ̀lé e. Ẹ gbé plọ́ọ̀gì síwájú tọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ tó rí roboto, etí rẹ̀ mú, kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá rí bí òṣùpá tí wọ́n gé jẹ, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú.

Ìgbà tí ihò bá ti jẹ jù

Iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá gbóná, ó sì ń sáré. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ etí ihò. Kò sí ẹni tó lè sọ iye ìgbà tí ẹ máa yìn kí ó tó jẹ, nítorí ẹ̀tù àti ìwọ̀n rẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ fi ẹnu dírìlì wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ḿbà 65, tó jẹ́ 0.035 íńṣì, bá ti ń wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí nọ́ḿbà 60, tó jẹ́ 0.040, bá wọlé, ẹ ra plọ́ọ̀gì tuntun.

Àmì rẹ̀ máa ń hàn kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: èéfín dúdú á pọ̀ sí i ní ẹ̀yìn ìbọn lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, primer tó ti jó á wú tàbí kí ó ṣòro láti yọ, ọta tó ń bá ojú ibì kan tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Agbára tó yẹ kó máa lọ síwájú ló ń padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ihò lẹ́bi, ẹ wo O-ring àti bí primer ṣe jókòó; èéfín ẹ̀yìn lè wá láti ọ̀dọ̀ wọn náà. O-ring tó ti sán tàbí tó ti pẹlẹbẹ, owó tí a ń fi pààrọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ yẹ tírẹ́ẹ̀dì náà wò. Bí ó bá ti tẹ̀, tí ó ti fọ́, tàbí tí ihò ìpẹtà jíjìn wà lára rẹ̀, plọ́ọ̀gì náà kò gbọdọ̀ padà sínú ìbọn. Ẹ má ṣe lọ gbẹ́ òmíràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ní lathe, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn ni kí ẹ ti rà á, fún irú ìbọn yẹn gan-an.

Gbígbẹ, gíríìsì àti dídá a padà

Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Omi gbígbóná ń ran gbígbẹ lọ́wọ́, àmọ́ irin tó ṣì gbóná tí kò sì ní òróró lára ń tètè pupa. Bí ó bá ti ń gbẹ, ẹ tètè fi àkísà tó ní òróró díẹ̀ nu ara rẹ̀ àti inú ihò ìbọn.

Gíríìsì anti-seize ló kàn. Ìdí tó fi pọn dandan ni pé irin stainless méjì tó bá ń gbo ara wọn láìsí nǹkan láàárín máa ń fà ara wọn ya, wọ́n sì lè lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ohun tí wọ́n jó pọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á yí gbogbo tírẹ́ẹ̀dì ká, kí ó wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ti tó. Èyí tó bá dé ojú plọ́ọ̀gì tàbí ẹnu ihò iná, ẹ nù ún kúrò. Gíríìsì ọkọ̀ lásán, vaseline àti àdí kò lè dúró de iná tó wà níbẹ̀. Wọ́n á jó di èédú sínú tírẹ́ẹ̀dì, ohun tí a ń sá fún náà nìyẹn.

Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wọlé. Bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti gba ẹ̀gbẹ́; ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá dúró, ẹ fi sípánà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó parí. Ìbúgbàù ẹ̀tù kò ní yí i tú. Fífún un pa kò fi ààbò kankan kún un.

Kí ẹ tó tún ki ìbọn

Òróró tó wà nínú ọ̀nà iná lè pa iná primer, ó sì lè rẹ ẹ̀tù. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ihò ìbọn. Ẹ wá fi àkísà funfun kan sí orí ìkìbọn, kí ẹ tì í wọlé dé orí plọ́ọ̀gì, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi primer sí i, ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu, ẹ yìn ín. Bí ẹ bá fa àkísà jáde tí ojú kan ti jó dúdú láàárín rẹ̀, ọ̀nà iná ṣí. Bí àkísà bá jáde ní funfun, ẹ má ki ìbọn náà; ẹ tú plọ́ọ̀gì padà.

Bí plọ́ọ̀gì bá ti há

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ìbọn ṣófo? Ẹ tún fi ìkìbọn wò ó. Bí ẹ̀tù bá wà nínú rẹ̀ tí plọ́ọ̀gì sì há, ẹ má fi ohun gbígbóná kankan kàn án. Ohun èlò kan wà tó ń fi afẹ́fẹ́ CO2 ti ọta jáde láti ìdí. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn, kí ẹ sì sọ fún un kí ẹ tó wọlé pé ó ní ẹ̀tù nínú.

Bí ó bá ṣófo, òróró tó ń wọ ìpẹtà, bíi Kroil tàbí Liquid Wrench, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ gbé ìbọn dúró kí ẹnu rẹ̀ kọ sókè, kí ẹ da díẹ̀ gba ẹnu kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sórí plọ́ọ̀gì, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú ẹnu ìbọn kọlẹ̀, kí ẹ fi òróró sí ìdí rẹ̀, di ọjọ́ kejì náà. Tírẹ́ẹ̀dì ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, òróró tó gba ọ̀nà kan ṣoṣo kì í sábà dé àárín. Ẹ fi háámà onírọ́bà lu ẹ̀yìn sípánà wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ìgbọ̀nrìn lè fa òróró wọlé.

Ẹ nu òróró kúrò, ẹ yọ ọ̀pá ìbọn kúrò lára igi rẹ̀, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, kí ẹ dì í mú nínú fáìsì, irin ìdìmú orí tábìlì iṣẹ́. Ẹ da omi tó ń hó gba ẹnu ìbọn. Ọ̀pá ìbọn á gbòòrò díẹ̀, ìdọ̀tí oníyọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ẹ yí sípánà pẹ̀lú agbára tó dúró ṣinṣin, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà. Bí ó bá mì díẹ̀, ẹ yí i padà, ẹ tún yí i jáde, síwá sẹ́yìn títí yóò fi gbà. Iná gáàsì alágbẹ̀dẹ kò gbọdọ̀ kan ìbọn, nítorí ó ń ba líle irin jẹ́ níbi tí irin ti gbọ́dọ̀ le jù. Bí ẹ bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbà, ẹ dáwọ́ dúró kí igun plọ́ọ̀gì tó jẹ tán, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ẹ má lù ú jáde, ẹ má sì fi dírìlì gbẹ́ ẹ jáde nílé: tírẹ́ẹ̀dì inú ọ̀pá ìbọn tó bá ti fara gbọgbẹ́ kò ní ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ọ̀pá náà lódindi lẹ máa pààrọ̀.

Ìbọn tí ẹ kò ní lò fún oṣù mélòó kan, ẹ tú plọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kan, kí ẹ wo gíríìsì, kí ẹ tún dá a padà. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má dà á síbi tí adìẹ tàbí ọmọdé ti ń fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó jẹun; òjé ọta wà nínú ìdọ̀tí yẹn.